Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Padà sí Ìlú Etí Òkun Nígbà Tí Èrò Ti Túká, Tí Ìrìn Yín Ò Fi Ní Já Sófo

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èèyàn á ti lọ sí ìlú etí òkun kan rí nígbà tí ibẹ̀ ń hó yèè, á gbádùn ẹ̀, á wá ní òun máa padà lọ nígbà tí èrò bá ti túká kóun lè ráyè wo ibẹ̀ dáadáa. Ó débẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn títì, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ láti aago mẹ́rin, òtútù ò jẹ́ kó sùn, omi ti bo ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ló bá ń sọ fáyé pé ìlú yẹn ti bàjẹ́. Ìlú ò bàjẹ́ o jàre. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kó o sí wàhálà, torí ẹni tí ò débẹ̀ rí á béèrè gbogbo nǹkan, ẹni tó ti débẹ̀ rí ò ní béèrè nǹkan kan. Torí náà, nídìí ètò, ẹ ṣe bí àjèjì pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ lẹ tó lè wá ṣe bí ọmọ onílé.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ yà níbẹ̀ nígbà yẹn, tó bá wà
- Àtẹ àkókò omi kíkún àti omi fífà ti etíkun yẹn gan-an (kì í ṣe ti ìlú tó wà nítòsí)
- Tímù-tébù bọ́ọ̀sì, rélùwéè tàbí ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ń lò lásìkò tẹ́ ẹ ń lọ
- Nọ́ńbà fóònù hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ibi kọ̀ọ̀kan tó wù yín láti wọ̀
- Jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, bàtà tí ò ní yọ̀ lórí òkúta, ìbọ̀sẹ̀ tó lé
- Tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, aṣọ kékeré tó rọ̀
- Owó kéṣì díẹ̀, torí ATM ìlú kékeré lè má ní owó nínú nígbà tí èrò ò sí

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ rí sílẹ̀

Ẹ mú bírò, ẹ kọ nǹkan bíi mẹ́wàá tẹ́ ẹ rántí nípa ìlú náà. Ẹ má tíì ṣí fọ́tò o, ohun tó wà lórí yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ wá fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ wọn: èwo ló jẹ́ pé èrò ló ń gbé e ró (ibi ìjẹun tó kọjú sómi, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn yí ká, orin lójú títì, ọjà alẹ́), èwo ló máa wà níbẹ̀ bóyá èèyàn wá tàbí wọn ò wá (òkè àpáta, ògiri tí wọ́n fi dí omi òkun, ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi, ìró ìgbì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba orí òkè).

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á gbà pé ìlú náà làwọn fẹ́ràn, kó sì jẹ́ pé fàájì ìgbà yẹn ni wọ́n fẹ́ràn. Tó bá jẹ́ pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tẹ́ ẹ kọ ló jẹ́ ti èrò, ẹ kúkú dúró dìgbà èrò, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, owó yín lẹ máa fi pamọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ó kéré tán nǹkan mẹ́ta wà lórí ìwé yín tẹ́ ẹ ṣì máa torí ẹ̀ lọ ká tiẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀kùn ìlú ló wà ní títì.

Ìpele 2: Ẹ mú ọjọ́

Ìgbà tí èrò máa ń túká ò rí bákan náà níbi gbogbo. Lápá ibi tó máa ń tutù, ìgbà òtútù ni. Ẹ sì rántí pé lápá gúúsù ayé, oṣù Keje lòtútù ń mú, kì í ṣe oṣù Kejìlá. Níbi tó máa ń gbóná, ìgbà òjò tàbí ìgbà ìjì ni. Bí àpẹẹrẹ, ìgbà ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní June 1, ó máa ń parí ní November 30, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí hòtẹ́ẹ̀lì erékùṣù kan lápá ibẹ̀ já owó wálẹ̀ gan-an lóṣù Kẹsàn-án, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Ẹ má sanwó tí wọn ò ní dá padà fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé omi òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Lápá àríwá ayé, ìgbà tó máa ń tutù jù ni nǹkan bí oṣù Kejì sí Ìkẹta, nígbà tí oòrùn ti ń padà bọ̀, àmọ́ lóṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ó ṣì lè lọ́ wọ́ọ́wọ́. Èmi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì o, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé ìgbà tí èrò túká ni mo máa ń mú. Omi ò tíì le jù, àwọn onílé oúnjẹ díẹ̀ ṣì ń tajà tó kù sílẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí èrò máa padà dé ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ariwo èèyàn tó ń kun ilé lọ́dà, tó ń kan pákó, tó ń já ẹrù ló máa ń gba ibẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀. Níbi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ọjọ́ máa ń kúrú lásìkò òtútù. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 50 sápá àríwá, ojúmọmọ ò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ ní ìparí oṣù Kejìlá, nígbà tó jẹ́ pé ó tó 16 lóṣù Kẹfà. Ìrìn tẹ́ ẹ rọra ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ nígbà yẹn, inú òkùnkùn lẹ máa rìn ín báyìí.

Ti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé Friday sí Sunday nìkan ni wọ́n máa ń ṣí. Ẹ dé ní Thursday, kẹ́ ẹ kúrò ní Saturday tàbí Sunday. Ẹ máa rí ìlú nígbà tó dá páropáro, ẹ tún máa rí i nígbà tó bá jí díẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: lórí ìwé kan ṣoṣo, ẹ ti kọ àkókò tí oòrùn máa yọ àti ìgbà tó máa wọ̀, pẹ̀lú àkókò omi kíkún àti omi fífà, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ fóònù

Ohun tó wà lórí Google Maps ò tó o. Ẹni tó ni ibẹ̀ lè má yí àkókò tó ń ṣí padà látìgbà èrò, á ṣì máa sọ fún yín pé "ó wà ní ṣíṣí" nígbà tó jẹ́ pé ó ti ti ilé pa láti oṣù méjì. Ẹ lọ wo ohun táwọn èèyàn kọ nípa ibẹ̀, ẹ to èyí tó jẹ́ tuntun sókè, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Tí ẹni tó kọ̀wé kẹ́yìn bá ti pẹ́, ẹ fura. Lẹ́yìn náà ẹ wá pè wọ́n.

Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ máa ń ṣí?" torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa sọ. Ẹ dárúkọ ọjọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Friday tó ń bọ̀ yìí, aago mélòó lẹ máa ṣí, aago mélòó lẹ máa tì, ṣé ẹ máa dáná ní ọ̀sán àbí alẹ́ nìkan?" Tí wọ́n bá ní "ó dá lórí ojú ọjọ́ o", ẹ kà á sí pé wọn ò ní ṣí.

Ti ọkọ̀ wá le jù. Tímù-tébù ìgbà òtútù yàtọ̀ sí ti ìgbà èrò. Ní Yúróòpù, tímù-tébù rélùwéè máa ń yí padà láàárín oṣù Kejìlá, àwọn bọ́ọ̀sì etí òkun sì lè ti dín kù ṣáájú ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi lè fagi lé ìrìn lójijì tí ìjì bá ń jà. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn tó máa gbé yín padà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá èyí tó máa gbé yín lọ. Ẹ ya skrínṣọ́ọ̀tì ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níbi tẹ́ ẹ ti máa nílò ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ ní ibi ìjẹun méjì tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún yín pé àwọn máa wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn àti èyí tó ṣáájú ẹ̀.

Ìpele 4: Yàrá

Ẹ má kàn padà síbi tẹ́ ẹ sùn nígbà yẹn nítorí pé ẹ gbádùn ẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìgbà ooru lè má ní ohun tó ń mú ilé móoru, fèrèsé ńlá tó kọjú sómi tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn sì ni atẹ́gùn máa gbà wọlé ní òru. Ẹ bi wọ́n: ṣé hítà wà nínú yàrá fúnra ẹ̀, ṣé èmi ni mo máa tàn án àbí ẹ̀yin lẹ máa ń tàn án ní wákàtí kan, ṣé omi gbígbóná wà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tí mo bá dé lálẹ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí nígbà tí èrò ò sí, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kì í fi ẹnì kankan sídìí àbáwọlé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú àpótí kan ni wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ibi tí yàrá wà náà, ẹ mú un sáàárín ìlú níbi táwọn ará ìlú fúnra wọn ń gbé. Òpópónà etí omi lè ṣófo pátápátá, àárín ìlú ló máa ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣí àti iná lójú títì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ ti ní ìdáhùn hítà àti ti kọ́kọ́rọ́ nínú mẹ́sẹ́jì tẹ́ ẹ lè fi hàn wọ́n, ẹ sì mọ ọjọ́ tó kẹ́yìn tẹ́ ẹ lè fagi lé e kí wọ́n sì dá owó padà.

Ìpele 5: Wákàtí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò níbẹ̀

Ẹ gbé báàgì sílẹ̀, ẹ má jókòó. Ẹ rìn yí ìlú ká nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kẹ́ ẹ fojú ara yín wo ibi gbogbo tẹ́ ẹ ti pè. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn máa sọ òótọ́ ju fóònù lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Tí iyanrìn bá ti gbára jọ síbẹ̀ tí kò sí ojú ẹsẹ̀ lórí ẹ̀, tí iyọ̀ sì ti fún gíláàsì lójú funfun, kò sẹ́ni tó ṣí i láti ọjọ́ pípẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ẹ̀. Tí iyanrìn bá wà lápá kan, tí ibi tí ilẹ̀kùn ń gbà ṣí sì mọ́ roboto bí ìdajì òṣùpá, ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí tó ń ta nǹkan, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í pé ibo làwọn tó ń gbé ìlú yìí ti ń jẹun lásìkò báyìí. Ìdáhùn yẹn kì í sábà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa jẹun lálẹ́ yẹn àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìpele 6: Etí omi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí àṣìṣe ibòmíì owó ló ń ná èèyàn, tibí lè gba ẹ̀mí. Nígbà èrò, àwọn tó ń ṣọ́ òkun wà níbẹ̀, àsíá wà, igba èèyàn ló máa rí yín tẹ́ ẹ bá ké. Báyìí kò sẹ́nì kankan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ omi. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín omi kíkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, torí náà lójoojúmọ́ ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lánàá láago mẹ́ta lè má ṣeé gbà lónìí láago mẹ́ta tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó ṣe máa ń ga tó náà yàtọ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun Mẹditaréníà, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ó gòkè, àmọ́ ní Bay of Fundy ní Kánádà, ó lè lọ sókè lọ sísàlẹ̀ tó mítà 16. Lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú àti lẹ́yìn ìgbà tí òṣùpá ò yọ rárá, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù lọ ni pé wọ́n rò pé omi máa ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Rárá o. Níbi tó bá ń fi bíi wákàtí 6 kún, ẹ pín gbogbo gíga ẹ̀ sí 12. Wákàtí kìíní, ìdá 1 ló máa gun. Ìkejì, 2. Ìkẹta, 3. Ìkẹrin, 3. Ìkarùn-ún, 2. Ìkẹfà, 1. Ìyẹn ni pé níbi tí omi ti ń gòkè mítà 6, nínú wákàtí kẹta nìkan ó máa fi mítà kan ààbọ̀ ga sókè, bẹ́ẹ̀ wákàtí kìíní tẹ́ ẹ fi ń wo ó, ńṣe ló dà bíi pé kò ní ibi tó ń lọ. Àárín yẹn ni omi máa ń gba ẹ̀yìn yọ, tí yóò dí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá nígbà tẹ́ ẹ ṣì dúró lórí iyanrìn gbígbẹ. Ẹ jáde nígbà tí omi bá ṣì ń fà, kẹ́ ẹ ti máa padà bọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ wo àtẹ náà bóyá ó ti fi wákàtí tí wọ́n ń fi kún aago nígbà ooru sí i, torí àtẹ mìíràn kì í fi í sí i.

Àtẹ ò tún mọ̀ nípa ìjì o. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ látorí òkun wá sílẹ̀, tí bí afẹ́fẹ́ ojú òfúrufú ṣe ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó (wọ́n máa ń fi hectopascal kà á nínú ìròyìn ojú ọjọ́) sì lọ sílẹ̀, omi máa ga ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Hectopascal kan tó bá lọ sílẹ̀ máa gbé omi sókè bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ká má tíì sọ ti ìgbì. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró lókè fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ka ìgbì, kẹ́ ẹ wo ibi tí èyí tó tóbi jù dé. Ẹ wá ilà koríko òkun tó tutù lórí iyanrìn, ibẹ̀ lomi dé kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko lórí títì lẹ́yìn ògiri, ìgbì ló gbé e kọjá wá, ẹ má dúró síbẹ̀ ya fọ́tò.

Etíkun fúnra ẹ̀ náà á ti yí padà. Ìgbì ńlá ìgbà ìjì máa ń kó iyanrìn lọ sínú omi, ìgbì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ìgbà ooru ló máa ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè bá àtẹ̀gùn tó parí sínú afẹ́fẹ́, tàbí àpáta tẹ́ ẹ ò rí rí. Ẹ má fò látorí àtẹ̀gùn yẹn torí pé ẹ rántí pé iyanrìn rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Wíwẹ̀ nínú omi ńkọ́? Tí omi bá ti tutù tó ìwọ̀n 15 lórí Celsius tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, ara máa ta gìrì tẹ́ ẹ bá já sínú ẹ̀, èémí á máa já lu ara wọn, ọwọ́ ò sì ní gbọ́ tara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì ṣubú sínú ẹ̀, ẹ má jà, ẹ dojú sókè kẹ́ ẹ léfòó títí èémí á fi balẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ tó máa ké tàbí kẹ́ ẹ wẹ̀ lọ sílẹ̀. Ibi tí omi ti dúdú, tó dà bíi pé kò sí ìgbì níbẹ̀ láàárín ìgbì méjì tó ń já, ibẹ̀ lomi ti ń fa nǹkan lọ sí agbami, ojú àìmọ̀ ló ń pè é ní ibi tó rọ̀. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jìjàkadì wá sílẹ̀, ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ bá etíkun lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tàbí ajá, ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i, kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń gbani là. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 112 ni; níbòmíì, ẹ wá a kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Afẹ́fẹ́ náà ò kẹ̀rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 5 lórí Celsius, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, bí ẹni pé ó wà ní nǹkan bíi 1 nísàlẹ̀ òdo ló máa rí lára.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn, ẹ lè dáhùn láìwo fóònù pé ṣé omi ń kún àbí ó ń fà, aago mélòó lẹ máa padà, ibo lẹ máa gbà gòkè tó bá dí ọ̀nà, ẹnì kan nílé sì mọ̀ pé etí omi lẹ wà.

Ìpele 7: Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí nígbà yẹn

Báyìí lẹ wá lè ṣí fọ́tò. Àwọn èèyàn máa ń gbé fóònù sókè, wọ́n á fojú díwọ̀n, kò ní bára mu láé. Ẹ ṣe é báyìí: nínú fọ́tò àtijọ́, ẹ wá nǹkan kan tó sún mọ́ yín (òpó iná, igun ògiri) àti nǹkan kan tó jìnnà tí kì í yí padà (ilé iná, ṣóńṣó òkè). Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò sí ara wọn. Ẹ rìn sọ́tùn-ún tàbí sósì títí wọ́n á fi tò bẹ́ẹ̀ lójú yín. Lẹ́yìn náà ẹ wá nǹkan méjì míì lápá kejì fọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ síwájú sẹ́yìn títí àwọn náà á fi tò. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé lẹ dúró sí nígbà yẹn. Tí òpó yẹn ò bá sí mọ́, tàbí iyanrìn ti lọ tẹ́ ẹ fi wà nísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà ti tó nǹkan tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ máa nu lẹ́ńsì lóòrèkóòrè, àmọ́ ẹ fi omi lásán díẹ̀ sí aṣọ yẹn kọ́kọ́ o, tẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ ra iyọ̀ mọ́ gíláàsì, ó máa ha á.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú: ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn nǹkan tó jìnnà wà lójú ibi kan náà, ohun tó yàtọ̀ nìkan ló ń ta yín lójú.

Ìpele 8: Kẹ́ ẹ tó padà

Ẹ wo tímù-tébù lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ má sì mú ọkọ̀ tó kẹ́yìn, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kí èyí tó kù lè wà fún ìdúró dè. Ẹ fi omi lásán ṣan bàtà àti ẹnu síìpù jákẹ́ẹ̀tì nílé, torí iyọ̀ máa jẹ síìpù irin, á há. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹni tó ni ibi tẹ́ ẹ jẹun, ẹ bi í pé oṣù wo ló máa ń tì pátápátá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹ̀ nínú fóònù yín.